Era, iba, veía: Ohun tí Yorùbá ilé lè ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ Sípáníìṣì ní Pobè àti Sakété

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta péré ni kò tẹ̀lé òfin nínú àsìkò tí àwọn elédè Sípáníìṣì ń pè ní pretérito imperfecto. Àwọn náà ni ser, ir àti ver. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé kì í ṣe ìrísí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló ń dá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Yorùbá láàmú, bí kò ṣe ibi tó yẹ kí ó ti lò wọ́n. Mo fi hàn pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ́ sí ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ nínú gírámà Yorùbá. Ir bá lọ mu, èyí tó ń gba ń àti máa ń; ver pín sí rí àti wò; ser sì bá jẹ́ àti ni mu, àwọn tí kì í gba ń bí a bá ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Nítorí náà, Yorùbá ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ lórí iba, ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ lórí veía, ṣùgbọ́n lórí era, olùkọ́ ní láti wá ọgbọ́n mìíràn.

1. Ìfáárà

Pobè àti Sakété wà ní ẹ̀ka Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, nítòsí ààlà Nàìjíríà. Nàgó ni wọ́n sábà máa ń pe Yorùbá tí à ń sọ níbẹ̀, a sì ń gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ọ̀họ̀rí pẹ̀lú ní agbègbè Pobè. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ ń sọ Nàgó nílé, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè àjèjì tó kọ́kọ́ ń bá pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó bá sì tún fẹ́ mú èdè àjèjì kejì, láàárín Jámánì àti Sípáníìṣì ni yóò ti yàn. Èyí já sí pé Sípáníìṣì ni èdè kẹrin fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá kan imperfecto, Faransé ni olùkọ́ sábà máa ń gbé wọlé láti ṣàlàyé: imperfecto ni imparfait, ó parí. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n imparfait fúnra rẹ̀ kò tíì dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Ẹni tí a bá ní kó gun orí bíríkì tútù, bíríkì náà lè ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nàgó tó wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré kì í sì í dé kíláàsì rárá, nítorí a ti ń sọ ọ́ fún ọmọ náà pé Yorùbá kò ní àsìkò, pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà, pé kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí èdè tó ní ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹpẹtẹ. Ohun tí mo fẹ́ tako nìyẹn. Imperfecto kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsìkò nìkan. Ọ̀rọ̀ ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ ni jù lọ, Yorùbá kò sì ṣaláìní ibá-ìṣẹ̀lẹ̀.

Kì í sì í ṣe òní ni Nàgó àti Sípáníìṣì ti pàdé. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé èdè yìí dé àárín àwọn elédè Sípáníìṣì. Nígbà tí Lydia Cabrera tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Lùkùmí jáde ní Havana ní 1957, Anagó ni ó pe ìwé náà. Èdè méjèèjì ti gbé pọ̀ lẹ́nu ẹnì kan rí. A lè mú wọn gbé pọ̀ nínú kíláàsì kan.

Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ àwọn àpẹẹrẹ tó ń bọ̀, kí òǹkàwé níbi gbogbo lè tẹ̀ lé mi. Olùkọ́ tó bá wà ní Pobè tàbí Sakété lè yí wọn sí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀.

2. Ìrísí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìrísí kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù. Nínú imperfecto, ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -ar ń gba -aba: hablar di hablaba. Èyí tó parí sí -er tàbí -ir ń gba -ía: comer di comía, vivir di vivía. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń ya olórí kunkun níbòmíràn, bíi tener, hacer àti decir, tẹ̀lé òfin wọ́ọ́rọ́wọ́ níbí: tenía, hacía, decía. Mẹ́ta péré ló yapa:

ser: era, eras, era, éramos, erais, eran
ir: iba, ibas, iba, íbamos, ibais, iban
ver: veía, veías, veía, veíamos, veíais, veían

Ìyapa wọn ní ìtàn nídìí. Era wá tààrà láti inú eram ti èdè Látìn. Iba wá láti inú ibam. Ìró b tó ti pòórá nínú comía àti vivía ló ṣì dúró nínú rẹ̀. Veía ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yapa: veer ni ver ń jẹ́ láyé àtijọ́, a yọ -er kúrò, ó ku ve-, a fi -ía kún un. Bí a bá sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, kò ní í há veía sórí bí ẹni há ọ̀rọ̀ àjèjì sórí mọ́.

Nǹkan méjì ló yẹ kí a tọ́ka sí fún ẹni tó ń sọ Yorùbá. Èkíní ni àmì tó wà lórí fáwẹ̀lì. Ní Yorùbá, àmì yẹn ń sọ ohùn. Ní Faransé, é ń sọ irú fáwẹ̀lì tí a ń pè. Nínú éramos àti íbamos, ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ló ń sọ. Àmì kan, iṣẹ́ mẹ́ta, lójú akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ó yẹ kí a là á yé e. A tún lè sọ fún un pé kó gbé ìbẹ̀rẹ̀ iba sókè, kó má baà dà bíi pé ibà tó ń ṣe aláìsàn ló ń sọ.

Èkejì ni arọ́pò-orúkọ. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà. Mo, o, ó, a, ẹ àti wọ́n ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan. Ní Sípáníìṣì, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wọn a sì fi arọ́pò-orúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú imperfecto, èmi àti òun jọ ní ìrísí kan: yo era, él era, yo iba, ella iba. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè rújú, arọ́pò-orúkọ gbọ́dọ̀ padà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kì í gbàgbé rẹ̀, nítorí kò mọ́ ọn lára láti fi í sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti máa ń bá a wí pé ó ń lo yo jù, èyí ni ibì kan tí àṣà ilé rẹ̀ ti bọ́gbọ́n mu.

3. Ìbéèrè méjì: ibá àti àsìkò

Nínú ìwé rẹ̀ lórí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ tó jáde ní 1976, Bernard Comrie fi hàn pé ibá àìṣetán kó oríṣi méjì pọ̀. Bárakú ni ti ohun tí a máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà. Atẹ́rẹrẹ ni ti ohun tó ń lọ lọ́wọ́ tí a wà láàárín rẹ̀. Sípáníìṣì kó méjèèjì sínú imperfecto kan ṣoṣo. Yorùbá ní tirẹ̀ fún bárakú ní máa ń, ó sì fún atẹ́rẹrẹ ní ń. Ibá aṣetán tó kan ìṣẹ̀lẹ̀ tó kọjá, Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ ní ìhòòhò fún un: mo lọ, mo rà á, mo dé.

Nítorí náà, níbi tí ọmọ Sakété ti ní láti yan láàárín iba àti fui, ó ti yàn kó tó mọ̀. Bí ó bá rò ó nílé pé mo máa ń lọ tàbí mo ń lọ, iba ni. Bí ó bá rò ó pé mo lọ, fui ni. Yíyàn tí a sọ pé ó le jù nínú gírámà Sípáníìṣì wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tí Yorùbá kò fún un ni àsìkò. Mo ń lọ lè jẹ́ ìsinsìnyí, ó sì lè jẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ ọ́. Sípáníìṣì kò gbà bẹ́ẹ̀: voy ni ti ìsinsìnyí, iba ni ti ìgbà yẹn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti ibẹ̀. Wọ́n á kọ va níbi tó yẹ kí wọ́n kọ iba. Olùkọ́ a fàlà pupa sí i, a kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé imperfecto kò yé ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ va dípò iba ti mú ibá. Àsìkò ló gbàgbé. Ẹni tó kọ fue dípò iba ló ṣi ibá mú. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Oògùn ti àkọ́kọ́ rọrùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbìyànjú láti fi nígbà náà tàbí tẹ́lẹ̀ kún gbólóhùn rẹ̀ ní Yorùbá. Bí ó bá gbà á láìba ìtumọ̀ jẹ́, imperfecto ni. Bí ó bá jẹ́ báyìí ló gbà, voy tàbí va ni.

4. Iba: ibi tí Yorùbá ti là á mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà Pobè àti Sakété rántí ojú irin tí ìjọba Faransé là láti Porto-Novo gba Sakété dé Pobè. Kò sí ohun tó bá imperfecto mu ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kì í lọ mọ́:

(1) Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin máa ń lọ láti Porto-Novo sí Pobè.
En aquella época, el tren iba de Porto-Novo a Pobè.

(2) Ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Pobè nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀.
El tren iba a Pobè cuando empezó a llover.

(3) Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pobè.
El lunes, el tren fue a Pobè.

Nínú (1) àti (2), Yorùbá ní ìrísí méjì, Sípáníìṣì ní ẹyọ kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ láti ohun tó pọ̀ sí ohun tó kéré ni, kò sì ṣòro. Àwọn tó ń ti Sípáníìṣì bọ̀ wá kọ́ Yorùbá ni yóò jìyà níbí, nítorí wọn yóò ní láti pín iba sí méjì.

Wọ́n sábà máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń gba fui, èyí tó bá ṣẹlẹ̀ léraléra ń gba iba. Òfin yẹn ń dani, nítorí bí a bá ka iye ìgbà, fui ni a ń lò:

(4) Mo lọ sí Sakété lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún tó kọjá.
El año pasado fui a Sakété tres veces.

Ẹ wo Yorùbá: kò sẹ́ni tí yóò sọ pé mo máa ń lọ sí Sakété lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún tó kọjá. Mo lọ ni à ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ tẹnu ara rẹ̀ dípò òfin inú kíláàsì kò ní í ṣubú.

Iba tún ní iṣẹ́ kejì. Bí a bá fi a àti ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tẹ̀ lé e, ó ń sọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ tàbí tí èèyàn ń gbèrò láti ṣe. Yorùbá ní fẹ́ fún èyí:

(5) Òjò fẹ́ rọ̀ nígbà tí a jáde.
Iba a llover cuando salimos.

(6) Mo lọ ra ẹ̀pà ní ọjà.
Fui a comprar cacahuetes al mercado.

Nínú (5), òjò kò tíì rọ̀; nínú (6), ẹsẹ̀ ti rìn. Fẹ́ bá iba a lọ, lọ bá fui a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá di èyí mú kò ní í fi fui a llover dá olùkọ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ibì kan ṣoṣo ni Yorùbá ti ń dẹ pàkúté lórí lọ: inú gbólóhùn ìyísódì. Kì í ni ìyísódì máa ń, nítorí náà n kì í lọ nígbà náà ni no iba, láìsí àní-àní. Ṣùgbọ́n ń máa ń pòórá nínú ìyísódì. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé mo ń jẹun, n kò jẹun ni ìdáhùn mi. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé mo jẹun, n kò jẹun náà ni. Nítorí náà, n kò lọ lè jẹ́ no fui, ó sì lè jẹ́ no iba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dá gbólóhùn náà padà sí ìjẹ́wọ́, kó wò bóyá ń wà níbẹ̀ tàbí kò sí, kó tó yàn.

5. Veía: ọ̀nà tó yà sí méjì

Ver ṣòro díẹ̀ ju ir lọ, nítorí Yorùbá pín in sí rí àti wò. Wò jẹ́ ohun tí èèyàn ń fi ojú rẹ̀ ṣe, ó sì ń hùwà bíi lọ. Kò sí wàhálà níbẹ̀:

(7) A ń wo bọ́ọ̀lù nígbà tí iná lọ.
Veíamos el partido cuando se fue la luz.

(8) Ní alaalẹ́, a máa ń wo fíìmù nílé ẹ̀gbọ́n mi.
Por las noches veíamos películas en casa de mi hermano mayor.

Rí yàtọ̀. Bí mo bá bi ọ́ pé ṣé o rí igi yẹn, ìsinsìnyí ni mo ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni rí wà ní ìhòòhò. Nítorí náà, òfin pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà ní ìhòòhò jẹ́ aṣetán kò múlẹ̀ lórí rí bó ṣe múlẹ̀ lórí lọ. Bí máa ń bá wà, ọ̀rọ̀ ti parí: mo máa ń rí i ní ọjà Sakété nígbà náà, lo veía en el mercado de Sakété. Ibi tí rí bá ti dá dúró ni a ti ní láti ronú:

(9) Láti ẹnu ọ̀nà, mo rí àwọn igi ọ̀pẹ.
Desde la puerta veía las palmeras.
Desde la puerta vi las palmeras.

Gbólóhùn Sípáníìṣì méjèèjì dára, ìtumọ̀ wọn kò sì jọra. Nínú ti àkọ́kọ́, igi ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ojú mi sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń bọ̀ tí yóò ṣẹlẹ̀. Nínú ti kejì, rírí tí mo rí wọn gan-an ni ìṣẹ̀lẹ̀. Láti mọ èyí tí òun ń wí, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣàdédé sí i. Bí mo ṣàdédé rí bá bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu, vi ni. Bí ó bá jẹ́ mo ń rí ló bá a mu, veía ni. Yorùbá kò yàn fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe yàn lórí lọ, ṣùgbọ́n ó ní ohun èlò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi yàn fúnra rẹ̀.

6. Era: ibi tí ń kò lè dé

A dé orí ser. Ní Yorùbá, à ń sọ pé bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀, tàbí àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ì báà jẹ́ òní, ì báà jẹ́ àná, ì báà jẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, jẹ́ àti ni kò yí padà, wọn kò sì gba ń. Ó ń jẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ni a fi ń sọ. Bákan náà ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ipò: ó ga, ó dúdú, ilé náà tóbi. Nítorí náà, bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ lè di es, ó lè di era, ó lè di fue. Yorùbá kò sọ ibá, kò sì sọ àsìkò. Èyí ló fà á tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣi iba lò fi máa ń ṣi era lò, tí ó sì máa ń ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Ọgbọ́n tí mo máa ń dá ni kí n pààrọ̀ jẹ́. Yorùbá ní ṣe, tí à ń lò fún iṣẹ́ àti ipò tí èèyàn dì mú. Ṣe ń gba ń, ó sì lè wà ní ìhòòhò. Ẹ wo ìyàtọ̀:

(10) Nígbà náà, ó ń ṣe tíṣà ní Sakété.
Entonces era profesor en Sakété.

(11) Ó ṣe tíṣà ní Sakété fún ọdún mẹ́wàá.
Fue profesor en Sakété durante diez años.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ṣe dípò jẹ́, ibá tó fara pamọ́ yóò yọjú. Ń ṣe ni era. Ṣe ní ìhòòhò ni fue. Nínú (11), fún ọdún mẹ́wàá ti ti ilẹ̀kùn pa: a mọ ìbẹ̀rẹ̀, a mọ òpin.

Ọgbọ́n yìí kò lè bo gbogbo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ń ṣe gíga. Fún àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ipò, ìbéèrè mìíràn ni mo ń bi akẹ́kọ̀ọ́: ṣé ènìyàn tàbí nǹkan lò ń ṣàpèjúwe ni, àbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ti parí lò ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀?

(12) Ilé bàbá wa tóbi, ó sì tutù.
La casa de nuestro padre era grande y fresca.

(13) Ìdánwò náà le.
El examen fue difícil.

Ilé kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀. A ń sọ bó ṣe rí ni. Ìdánwò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹni tó sọ (13) ti jáde nínú gbọ̀ngàn, ó ń ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Era lè wọ inú (13) bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń ròyìn ohun tó rí nígbà tó ṣì jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n fue ni à ń retí lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ohun kan wà tí kò ní yíyàn nínú, kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí kó sì sinmi: aago. Aago mẹ́ta ni nígbà tí mo dé ni eran las tres cuando llegué. Fueron kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ó tún yẹ kí a rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé fui àti fue jẹ́ ti ser àti ti ir lápapọ̀. Fue rey, ó jọba. Fue a Pobè, ó lọ sí Pobè. Nínú imperfecto, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá: era rey, iba a Pobè. Ẹni tí fue bá dàrú mọ́ lójú lè fi imperfecto dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

7. Ipò Faransé

N kò sọ pé kí a lé Faransé jáde. Níbi tí j'allais bá ti tọ́, iba sábà máa ń tọ́. Il allait pleuvoir àti iba a llover jọ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Ọmọ tí imparfait ti yé dáadáa ti rìn jìnnà.

Ṣùgbọ́n Faransé ń ṣini lọ́nà níbi méjì, Yorùbá sì ń tọ́ni sọ́nà níbi kan nínú wọn. Ibi àkọ́kọ́ ni passé composé. Nítorí pé il est allé ní ọ̀rọ̀ méjì, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ha ido níbi tí àná wà nínú gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ ayer fue ni ó yẹ kó kọ. Ibi kejì ni était. Faransé ní ẹyọ kan, Sípáníìṣì ní méjì, era àti estaba. Yorùbá náà ní ju ẹyọ kan lọ:

(14) Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀. Mi padre era campesino.
(15) Bàbá mi wà ní Pobè. Mi padre estaba en Pobè.

Jẹ́ àti ni lọ sí ọ̀dọ̀ ser, wà lọ sí ọ̀dọ̀ estar. Ọmọ Nàgó ti ní ìyàtọ̀ náà nínú àpò. Faransé ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a ṣáà kìlọ̀ fún un lórí nǹkan mẹ́ta. Bí ayẹyẹ tàbí ìpàdé bá ni à ń sọ ibi tó ti wáyé, ser ni Sípáníìṣì ń lò: la fiesta era en Pobè. Bí ìtàn àlọ́ bá ń bẹ̀rẹ̀ pé ọba kan wà nígbà kan, érase tàbí había ni, kì í ṣe estaba. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ẹnì kan dùn tàbí ó rẹ̀ ẹ́, Yorùbá kò lo jẹ́, kò lo wà, ṣùgbọ́n estaba ni Sípáníìṣì ń fẹ́: estaba contento, estaba cansado.

8. Ìkádìí

Ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí bí mo ṣe tò wọ́n ní ìsọ̀rí kejì: ser, ir, ver. Bí a bá wò ó láti inú Yorùbá, èyí tó le jù ni a fi ṣíwájú. Àbá mi ni pé kí olùkọ́ ní Pobè, Sakété àti ibikíbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń sọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti orí iba, níbi tí ń àti máa ń ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Lẹ́yìn náà ni kó kọjá sí veía, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Kó fi era ṣe ìkẹyìn, nígbà tí ọmọ náà ti mọ ohun tó ń wá.

Fún àwa tí à ń ṣe ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀kọ́ kan nínú. Nígbà tí a bá ń ṣe ìfiwéra èdè láti mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọsẹ̀, a kì í fi ìrísí nìkan wọn ìṣòro. Era, iba àti veía jọ wà nínú àpótí kan náà nínú gírámà Sípáníìṣì, nítorí pé wọn kò tẹ̀lé òfin. Nínú orí ọmọ Nàgó, àpótí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ẹni tó ń sọ pé Yorùbá kò ní àsìkò kò parọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà kò ní nìkan ló kà. Ó yẹ kí olùkọ́ ka ohun tí ó ní pẹ̀lú, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.